Kí N Tó Gbé Omi Kaná

Láràárọ̀, kí n tó gbé omi kaná,
mo máa ń ti ìka bọ ìkòkò, mo máa ń tọ́ ọ wò.
Ahọ́n mi ni ìwé ìròyìn mi.
Lónìí ó ní òkun tún ti sún mọ́ wa lóru.

Èmi Jobẹ́dà, ìyàwó Motálẹ́bù,
ará Bokuldáńgà, ní ìsàlẹ̀ Bàǹgíládẹ́ẹ̀ṣì,
níbi tí odò ti ń yà bí gbòǹgbò kó tó bọ́ sókun.
Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ìrẹsì ló yí wa ká.
Iyọ̀ nígbà náà, ìka mẹ́ta la fi ń bù ú,
a ó wọ́n ọn sọ́bẹ̀, a ó ní kí ayé ó dùn.
Ta ló wá tú gbogbo àpò rẹ̀ sí wa lóko?

Lọ́dún tí Moyna ń rákòrò, ìjì jà,
odi erùpẹ̀ tí baba ọkọ mi mọ ya.
Omi wọlé, kò kí ẹnikẹ́ni.
Ó lo ọdún méjì gbáko.
Nígbà tó lọ, ó gbàgbé ẹrù rẹ̀ sínú ilẹ̀.

Àwọn olówó dé, wọ́n ní ẹrù náà dọjà:
wọ́n ti páìpù bọ odi, wọ́n fa omi iyọ̀ wọlé sí i,
oko di adágún edé.
Edé wọkọ̀ òfurufú. Àwa ò wọ nǹkan kan.

Motálẹ́bù gba Dáká lọ, síbi tí wọ́n ti ń sun bíríkì,
oṣù mẹ́fà lọ́dún, ó ń fi èédú bọ́ iná.
Moyna, tó kàwé, ló là á yé mi:
èéfín ń di kúbùsù bo ayé,
ooru ò rọ́nà jáde, yìnyín orí òkè ń yọ́,
òkun ń wú bí ìrẹsì inú ìkòkò.
Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà há mi lọ́fun.
Ṣé omi tó ń lé wa nílé lọkọ mi ń dáná sí
kó lè rówó ra omi tí a ó mu?

Ṣùgbọ́n mélòó ni èéfín tirẹ̀ nínú èéfín ayé,
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń tanná sí yàrá tí ẹnìkan ò sí?
Ẹni tó jẹ gbì ni í kú gbì, bẹ́ẹ̀ la gbọ́.
Níbí, ẹlòmíràn ló jẹ ẹ́.
Gbì! Ilé tiwa ló wó.

Nísinsìnyí Moyna lóyún. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru.
Nọ́ọ̀sì ní, "Má mu omi adágún mọ́."
Kò sọ èyí tí yóò mu.

Sokhína arúgbó, tó wá láti Piròjípúrù, ló ní:
"Omi tó gba oko lọ́wọ́ rẹ, dá oko lé e lórí."
Ojúoró ní í lékè omi.
A kó o jọ, a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele,
ó nípọn débi pé ọmọdé lè sùn lé e.
Elégédé hù lórí omi! Mo fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì.
N kò ní purọ́: ìgbà òjò nìkan ni.
Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ á jẹ ojúoró náà jẹrà.

Lóru ọjọ́ kan, obìnrin mọ́kàndínlógójì jókòó lórí odi.
Nígbà tí àwọn ọlọ́páìpù fi tọ́ọ̀ṣì wa lójú, a ò dìde.
Páìpù mẹ́rin la fi amọ̀ dí kílẹ̀ tó mọ́.
Ọwọ́ mi tó páìpù.
Ọwọ́ ta ló tó ṣímínì ayé?

Motálẹ́bù pè lánàá. Ó ní, "Omi ńkọ́?"
Mo ní òjò rọ̀, ìkòkò ńlá kún dé ọrùn,
ti Moyna ni, ẹnìkan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.
Mo ní elégédé yọ òdòdó.
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ tí iná ń hó lẹ́yìn rẹ̀.
"Ó ku ọjọ́ mẹ́tàléláàádọ́ta," ló wí.

Mo ti ìka bọ ìkòkò.
Mo tọ́ ọ wò.